Màmá Kọ̀ Láti Wọ Ilé Tó Jẹ́ Ṣọ́ọ̀ṣì Tẹ́lẹ̀

                                        Ojúlé Kọkànlélógún,
                                        Òpópónà Maple Hollow,
                                        Milton, Ontario,
                                        Kánádà.
                                        Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kẹwàá, 2025.

Ọlárónkẹ́, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Mo kí ọ kú ilé o. Bàbá Ìdẹ̀raolúwa ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ti wọlé ẹ̀kọ́ padà? Àwa náà wà láàyè, òtútù ló ti tún fẹ́ gbé ìṣe rẹ̀ dé. Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ pé mi ò pè ọ́ láti ìgbà tí ìyàwó Súnkànmí àbúrò mi ti bímọ. Jọ̀ọ́, dárí jì mí. Ohun tí ojú mi rí kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù. Wọ́n ní ojú tó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kó bẹ̀rù, àmọ́ èyí ju òkun lọ.

O rántí pé Súnkànmí àti Tolúwalọpẹ́ ra condo, ìyẹn fúláàtì kan nínú ilé alájà púpọ̀, sí àárín ìlú Toronto. Wọ́n sọ fún wa pé ilé àtijọ́ ni, pé wọ́n tún un ṣe, ó wá di ilé olówó. Òótọ́ ni. Ohun tí wọn ò sọ ni pé ṣọ́ọ̀ṣì ni tẹ́lẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì, Ọlárónkẹ́! Tòun ti ilé agogo, tòun ti fèrèsé aláràbarà tí wọ́n ya áńgẹ́lì sí.

Màmá mi ti dé láti Iléṣà láti wá wẹ ọmọ, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n kọ́kọ́ sọ̀ sí. Ọjọ́ tí Tolúwalọpẹ́ kúrò ní ọsibítù, mo fi mọ́tò gbé wọn lọ wo ọmọ. Bí a ti wọlé tí Màmá rí òpó òkúta àti áńgẹ́lì, wọ́n rò pé mo gbé wọn gba ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n kọ́kọ́ dúpẹ́ ni. Wọ́n ní mo káre. Kí n tó lanu, wọ́n ti kúnlẹ̀, wọ́n ń dúpẹ́ ọmọ-ọmọ. Àfi bí ajá òyìnbó kan ṣe wá ń gbóòórùn gèlè wọn. Màmá pariwo Jésù! Ìgbà yẹn ni Súnkànmí jáde nínú lift.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Ilé wa nìyí, third floor la wà."

Ẹnu ya èmi gan-an, torí mi ò débẹ̀ rí. Òdòdó ni wọ́n gbìn sínú àwo omi ìrìbọmi. Yàrá tí àwọn ọmọdé ti ń kọ́ Bíbélì tẹ́lẹ̀, ọkùnrin kan ti bọ́ra sílẹ̀ níbẹ̀, ó ń gbé irin eré ìdárayá. Mo rántí ìjọ tiwa ní Woodbridge, tó wà nínú ilé ìkẹ́rùsí tí a háyà láàárín àwọn onítírélà. Èrò kún inú rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, a ò ní ilé. Ibi tí wọ́n kọ́ fún Ọlọ́run rèé, ajá ló ń rìn gbéregbère níbẹ̀.

Màmá ò gòkè. Wọ́n ní tọkọtìyàwó ò gbọdọ̀ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì síbi tí wọ́n ti ń pín ara Olúwa, àwọn ò sì ní wẹ ọmọ níbẹ̀. Súnkànmí gbé ọmọ wá bá wọn nísàlẹ̀, wọ́n gbé e mọ́ra, wọ́n sunkún, wọ́n dá a padà. Wọ́n ní kí a wá sọ ọ́ lórúkọ ní ilé mi. Tolúwalọpẹ́, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún, fèsì pé ilé bàbá ọmọ ni wọ́n ti ń sọ ọmọ lórúkọ. Bí Màmá ò bá wá, a jẹ́ pé ọmọ òun ò ní ìyá àgbà nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà dun Màmá wọra. Ṣùgbọ́n o mọ̀ wọ́n, bí wọ́n bá ti ní rárá, ó di rárá.

Ọjọ́ kẹjọ pé. Màmá bá mi dé ìsàlẹ̀ ilé náà, wọ́n jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní kí n máa gòkè lọ, pé àwọn á gbàdúrà láti ibẹ̀. Ìyá òyìnbó kan tó ń gbé nísàlẹ̀, Margaret, bi mí pé kí ló dé. Mo ṣàlàyé, mo wá di ògbufọ̀. Ọlárónkẹ́, inú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn gan-an ni wọ́n ti ṣèrìbọmi fún ìyá náà! Ó ní arúgbó nìkan ló kù nínú ìjọ àwọn, òrùlé ń jò, agbára àwọn ò ká a mọ́, ni àwọn fi tà á. Màmá ní kí n bi í pé àwọn ọmọ wọn ńkọ́. Ó ní wọn ò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọn kàn ò wá mọ́ ni. Ó ní ó ti pẹ́ gan-an tí wọ́n ti gbé ọmọ tuntun gba ẹnu ọ̀nà yẹn, pé nígbà tí òun gbọ́ ẹkún ọmọ Súnkànmí, ṣe ni òun jókòó tí òun ń gbọ́ ọ.

Mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún Màmá. Wọ́n dìde, wọ́n di ọwọ́ ìyá òyìnbó mú. "Fọláyọ̀, lift ọ̀hún dà?" Mo rò pé etí mi ń tàn mí ni.

Bí Tolúwalọpẹ́ ti rí wọn, ó bú sẹ́kún. Màmá gbé ọmọ, wọ́n sọ ọ́ ní Ìmọ́lẹ̀. Nígbà tó kan kí àwọn tó kù máa fowó sáwo, kí wọ́n máa sọ ọmọ lórúkọ, wọ́n ní kí Margaret, tó bá wa gòkè, bọ́ síwájú. Ó ní Ruth, orúkọ ìyá òun. Màmá wá pe àwọn ọmọ mi méjèèjì tí wọ́n tẹjú mọ́ fóònù, pé kí àwọn náà fún àbúrò wọn lórúkọ. Akíndàmọ́lá mi dìde, ó ń wò mí. "What do I say, Grandma?" Orúkọ Yorùbá kan ṣoṣo ò sí lẹ́nu rẹ̀. Ojú tì mí, ọ̀rẹ́ mi, ó tì mí gan-an.

Màmá ti kó ẹrù wọn lọ sọ́dọ̀ Súnkànmí. Wọ́n ní gbogbo Sátidé ni kí n máa gbé àwọn ọmọ mi wá, pé ọmọ tuntun nìkan kọ́ ni àwọn wá tọ́jú.

Bá mi kí Bàbá Ìdẹ̀raolúwa àti Mọ̀ríámọ̀ aládùúgbò wa. Kọ̀wé sí mi kíá, má ṣe bíi tèmi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹnu rẹ̀ ò tíì padé,

Fọláyọ̀.