Agogo Ozella àti Àwọn Gbájúẹ̀ Orí Fóònù

Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Kejì

Fóònù yìí yóò pa mí kí òtútù tó pa mí. N ò tí ì mu kọfí dé ìdajì tó fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin Inú Ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ pè — èyí tí kì í mí, tí kì í gbọ́ èsì, tó kàn ń sọ pé inú òun dùn láti bá mi sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, Baba Orúnkún. Ó fẹ́ fún mi ní ìdè tí wọ́n fi ń di orúnkún tó ń dùn, lọ́fẹ̀ẹ́. Ta ló sọ fún un pé orúnkún ń dùn mí? Ó ń dùn mí o, ṣùgbọ́n ta ló sọ fún un?

Agogo kan ṣoṣo ni mo fẹ́ gbọ́ láàárọ̀, ìyẹn ti Ẹlẹ́nu Ata. Ozella Fugate. Opó bíi tèmi, òdìkejì omi ló ń gbé. Nígbà tí ọkọ tèmi àti tirẹ̀ kú tán, a ṣe àdéhùn. Bó bá ti jí, á pe fóònù mi, á jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀mejì, á gé e. Èmi náà á jẹ́ kí tirẹ̀ dún lẹ́ẹ̀mejì padà. A kì í gbé e. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé mo jí, n ò kú. Ẹni tí kò bá gbọ́ agogo ẹnì kejì, kó gbé àáké, kó wá já ilẹ̀kùn. Bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe nìyẹn ní àfonífojì yìí, nígbà tí okùn fóònù kan ṣoṣo wà fún gbogbo ilé, tí gbogbo etí sì wà lórí okùn náà.

Ṣùgbọ́n a kò bá ara wa sọ̀rọ̀. Láti ìgbà oúnjẹ ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì ni. Kéèkì oníipele mi, tí mo fi èso ápù gbígbẹ sí láàárín — ó bu u jẹ lójú gbogbo ìjọ, ó gbé omi mu, ó ní, "Verna, ṣé kéèkì lèyí àbí bíríkì?" Mo ní kó má tún fẹsẹ̀ tẹ àgbàlá mi. Kò sì tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ó ń dún. Èmi náà ń dún. Ìjà nìjà, ikú nikú.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Ọ̀gbẹ́ni Ọkọ̀ pè. Ó ní ìwé tí wọ́n fi ń tún ọkọ̀ mi ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ ti fẹ́ parí. Mo ní ọkọ̀ wo? Ó ní, "Èyí tí ẹ ń wà, mà." Mo ní ọkọ̀ Hobart ọkọ mi olóògbé nìkan ló wà ní àgbàlá, kò ní ẹ́ńjìnnì, adìyẹ ló ń gbé inú rẹ̀. Àgbébọ̀ pupa ló jókòó níbi awakọ̀, ó ń sàba. Mo bi í bóyá ìwé rẹ̀ kan ẹyin. Mo sọ ti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó gbé àkùkọ mi lọ kí ọdún tó parí. Mo ṣì ń ṣàpèjúwe ìrù àkùkọ náà lọ́wọ́ —

Ó gé fóònù mọ́ mi létí! Èmi, Verna Stidham! Olè tí kò tún lẹ́kọ̀ọ́ ilé.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Ọmọkùnrin kan ń sunkún. "Màmá àgbà, èmi ni." Mo ní ìwọ ta ni? Ó ní ọmọ ọmọ yín, ọlọ́pàá ti mú mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sọ fún ẹnì kankan.

Obìnrin nìkan ni Rhonda ọmọ mi bí.

Mo jẹ́ kó sunkún tẹ́rùn. Mo wá ní kó gbé fóònù fún ìyá rẹ̀. Ó ní ìyá òun kò sí níbẹ̀. Mo ní, "Ó dáa, fun imú rẹ, lọ wá iṣẹ́ gidi ṣe, kí o sì lọ sọ fún obìnrin tó bí ọ ohun tí o ń fi ohùn rẹ ṣe." Ó ní, "Ó dáa, mà," kó tó rántí pé òun ló wá lu èmi ní jìbìtì.

Mo sọ fún Rhonda. Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó ń bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Ẹtì, ọjọ́ keje

Mo ri fóònù mọ́ inú àpò ìyẹ̀fun. Ó ń dún nínú ìyẹ̀fun.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Rhonda dé láti ìlú Lexington, èékánná rẹ̀ gùn bíi ti àṣá. Ó gbọn ìyẹ̀fun kúrò lára fóònù, ó wò mí.

Ó ní, "Màmá, ẹ má gbé e mọ́. Ẹ má bá wọn jà, ẹ má bá wọn ṣeré. Bí ẹ bá ti dáhùn báyìí, wọ́n ti mọ̀ pé èèyàn wà nídìí rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n á tún ta nọ́ńbà yín fún ẹlòmíì."

Mo ní n kì í sá fún ẹnikẹ́ni nínú ilé mi.

"Ta ló ní kí ẹ sá? Ẹ kàn má dáhùn ni. Ọ̀rọ̀ adìyẹ tí ẹ ń bá wọn sọ yẹn ló ń pè wọ́n wá."

Ẹ gbọ́ o. Adìyẹ mi ló ń pe olè.

Ó fi nọ́ńbà mi sínú ìwé ìjọba, ti àwọn tí kò fẹ́ kí ọlọ́jà pe àwọn. Ó ní ọlọ́jà tòótọ́ yóò gbà, ṣùgbọ́n olè kì í ka ìwé. Nítorí náà ó tún ti ilẹ̀kùn fóònù fúnra rẹ̀: ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú rẹ̀, kò ní dún sí mi létí mọ́. Èyí wù mí gan-an.

Ó ní, "Ta ni kí n kọ síbẹ̀?" Mo kà wọ́n: òun fúnra rẹ̀. Dókítà. Pásítọ̀. Estill tó ń ta oúnjẹ adìyẹ.

"Àǹtí Ozella ńkọ́?"

Mo ní n ò mọ ẹnì kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

"Màmá!"

Mo ní kí ni wọ́n fẹ́ kọ ọ́ síbẹ̀ fún? Nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú orí mi láti ìgbà tí irun mi ti dúdú. Pẹ̀lúpẹ̀lù, kì í pè mí. Ó ń dún ni. Ìyẹn kì í ṣe ìpè.

Rhonda wo òrùlé. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni. Èmi ni mo mọ̀.

Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Ìdákẹ́jẹ́! Mo mu kọfí mi tán, ó ṣì gbóná. Baba Orúnkún, ẹ sùn re o. Ọmọbìnrin Inú Ẹ̀rọ, máa bá ògiri sọ̀rọ̀. Yìnyín dí ọ̀nà, kò sí ìsìn.

Ẹlẹ́nu Ata kò dún.

Mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Igi kò jẹ́ kí n rí ilé rẹ̀ láti ibí, àfi èéfín èédú rẹ̀. Ó ń jáde, ó nípọn, ó ga. Ó yè nìyẹn. Ó kàn gbàgbé ni. Òun ló máa ń kọ́kọ́ dún. N ò ní dún kó tó dún.

Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Kò dún. Èéfín wà.

Kò gbàgbé. Ó mọ̀ ọ́n ṣe ni. Kò tó kó pe kéèkì mi ní bíríkì, ó tún fẹ́ já okùn tó kù láàárín wa. Kó já a. Ta ló ń dùn? Mo se ẹ̀wà, mo yan búrẹ́dì àgbàdo, mo gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo bí àlejò. N ò lè jẹun.

Mo ní bóyá fóònù ti bàjẹ́. Rhonda pè lọ́sàn-án, ó dún kedere. Mo bínú sí Rhonda pé òun ló pè.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Mo gbọ́dọ̀ kọ èyí kó tó kúrò lọ́kàn mi.

Èédú mi dì mọ́lẹ̀ nínú yìnyín, mi ò lè wà á. Mo tan ẹ̀rọ oníná mànàmáná tó ń mú ilé gbóná, èyí tí Rhonda rà fún mi, mo sì ń retí. Kò dún. Mo jáde lọ wo èéfín.

Kò sí èéfín.

Mo dúró. Mo tún wò ó. Kò sí. Ojú ọ̀run mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo kọ lánàá dà bí ìgbẹ́ adìyẹ lójú mi. Mo wọ bàtà Hobart, mo fi ìbọ̀sẹ̀ bò ó lókè kí n má bàa yọ̀ ṣubú, mo gbé àáké. Mo ń bá a sọ̀rọ̀ lọ́nà. Mo ní, "Ozella, bí o bá kú kí o tó tọrọ gáfárà lórí kéèkì yẹn, mo máa pa ọ́."

Mo dé orí afárá onírin tó ń fì lórí omi. Mo di okùn mú, mo ń wo ẹsẹ̀ mi, pákó kan, pákó kan. Afárá wá bẹ̀rẹ̀ sí í fì sí apá tí n kò fì í sí. Mo gbójú sókè. Ẹnì kan ń bọ̀ láti òdìkejì, ó wọ ẹ̀wù àwọ̀lékè ọkùnrin, ó fi gèlè irun àgùntàn bo orí. Ó gbé àáké.

Ó pariwo, "O ò kú?"

Mo ní, "Ṣé o fẹ́ kí n kú ni?"

"N ò rí èéfín rẹ!"

"Èmi náà ò rí tìrẹ!"

"Báwo ni n ó ṣe dáná, nígbà tí mo ń sáré bọ̀ wá gbé òkú rẹ?"

Mo ní kí ló dé tí kò dún. Ha! Ó sọ àáké sílẹ̀ lórí pákó, ó fi àtàǹpàkò hàn mí. "Àìdún kẹ̀? Láti Àìkú ni mo ti ń tẹ̀ ẹ́, àtàǹpàkò mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já! Ìwọ ni o kò dún padà! Mo ní Verna ti gbé agídí rẹ̀ dé ibi ikú."

Mo ní irọ́ ni. Ó ní irọ́ kẹ̀? Ó ní òun fi ọdún kan jù mí lọ, kí n mọ ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀. Afárá ń fì, àwa méjèèjì ń pariwo, kò sí ẹni tó lè kọjá lára ẹnì kejì, kò sì sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ padà sẹ́yìn. Èmi ni mo padà. Orúnkún mi ló fà á, kì í ṣe òun.

A dé ilé mi. Ó gba fóònù, ó tẹ ibi kan tí n ò tẹ̀ rí. Nọ́ńbà rẹ̀ rèé, láti Àìkú di òní, léraléra, láàárín nọ́ńbà àwọn olè, bí díákónì láàárín ọ̀mùtí. Gbogbo wọn ló dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn tí Rhonda tì.

Ozella ní, "Èmi! O tì mí mọ́ta pẹ̀lú gbájúẹ̀!"

Mo ní Rhonda ló tì í.

"Rhonda ò bi ọ́ nípa mi?"

Mo ní ó bi mí.

"Kí lo sọ?"

Mo ní mo sọ pé n ò mọ̀ ọ́ rí.

Ó wo ẹnu ọ̀nà. Mo rò pé ó ń lọ gbé àáké rẹ̀ ni. Ó ní, "Bíi ti Peteru gẹ́lẹ́. Àkùkọ kọ?"

Mo ní kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti gbé e lọ.

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di àyà mú, ó jókòó sórí àga Hobart, ó ń nu ojú. Èmi náà — ó dáa, mo rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Ó ní kí n kọ orúkọ òun síbẹ̀ lójú òun, sókè Rhonda. Mo ní lábẹ́ oúnjẹ adìyẹ ni àyè wà. Ìka mi tóbi ju lẹ́tà inú fóònù lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo ń wá wọn. Ó ń wò mí láti orí èjìká, ó ń mí sí mi lọ́rùn. ẸLẸ́NU ATA ni mo kọ. Kò mú awò ojú rẹ̀ wá. Ó ní, "Ó dára bẹ́ẹ̀."

Mo gbé búrẹ́dì àgbàdo àná fún un. Ó jẹ ẹ́, ó nawọ́ gba omi. Mo wò ó.

Ó ní, "N ò sọ nǹkan kan."

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Ó dún. Ẹ̀ẹ̀mejì. Mo dún padà.

Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Ó dún lẹ́ẹ̀kan. Ó dún lẹ́ẹ̀kejì. Mo ti na ọwọ́ sí ife kọfí. Ó dún lẹ́ẹ̀kẹta.

Ife bọ́. A kò ṣe àdéhùn ẹ̀ẹ̀kẹta rí. Mo gbé fóònù, mo ní, "Ozella! Kí ló dé? Ṣé o ṣubú ni?"

Mo gbọ́ tó ń mu nǹkan gbígbóná.

Ó ní, "Kò sí nǹkan kan. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá wàá gbé e ni."

Mo ní òun gan-an ni olórí gbogbo àwọn adánilágara orí fóònù, Baba Orúnkún sàn jù ú lọ. Mo gé e mọ́ ọn létí.

Mo wá ṣa àfọ́kù ife, mo sì gbé omi kaná. Omi ife méjì. Ó ti ń bọ̀ lórí afárá nísinsìnyí. Mo ń rí gèlè rẹ̀ láti ojú fèrèsé.