Àmì Kan Lábẹ́ S

Yàrá ẹ̀yìn,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ,
ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, Ẹlẹ́sẹ̀-Ehoro,

Mo kí ọ o. Mo lérò pé ara rẹ le, pé o ń rí oorun sùn, pé àwọn ọ̀gá rẹ sì ń jẹ́ kí o jẹun lásìkò. Àwa náà wà níbí, a kò ṣàìsàn, bí a bá yọ orúnkún mi sílẹ̀, èyí tí ó ti ń ṣe ìjọba tirẹ̀ lọ́tọ̀ láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Jọ̀wọ́, wo bí mo ṣe kọ ìnagijẹ rẹ lókè yìí. Wo lẹ́tà S rẹ̀ dáadáa. Kò sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀. Ó mọ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń kọ ọ́.

Páálí náà dé. O mọ̀ pé a kò gba ọwọ́ oníṣọ́ọ̀bù kankan. Ìwọ fúnra rẹ ni o fi fóònù rẹ kọ̀wé sí àwọn tó ń ṣe férémù kẹ̀kẹ́, tí wọ́n sì fi í ránṣẹ́ láti ilé iṣẹ́ wọn tààrà sí ẹnu ọ̀nà mi. Mo rọra fi ọ̀bẹ là á bí agbẹ̀bí. Férémù kábọ́ọ̀nù, dúdú, ó ń dán, ó sì fúyẹ́ débi pé ìyá rẹ fi ìka kan gbé e, ó ní ṣé wọn ò gbàgbé láti fi kẹ̀kẹ́ sínú kẹ̀kẹ́ náà. Àyè táyà rẹ̀ fẹ̀ bí a ṣe fẹ́, kí ó lè gba táyà ńlá tó ń rìn lórí òkúta wẹ́wẹ́ àti iyanrìn láìṣubú. Inú mi dùn. Mo yí i síhà kejì láti ka orúkọ tí a ní kí wọ́n kọ sí i. Inú mi kò dùn mọ́.

ẸSẸ̀ BÀBÁ. Ohun tí a jọ fẹnu kò sí nìyẹn. Ìwọ ni o tilẹ̀ mú un wá: o ní níwọ̀n ìgbà tí orúnkún mi ti ń kọ ìrìn, kẹ̀kẹ́ yìí ni yóò máa jẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ sára férémù mi, ní lẹ́tà funfun gàdàgbà, tí wọ́n sì da ọ̀dà dídán bò kí ó má baà parẹ́ láéláé, ni ẸṢẸ̀ BÀBÁ.

Ẹ̀ṣẹ̀! Èmi! Ẹni tó fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé àmì kékeré lásán lè sọ ọkọ ìyàwó di ọkọ̀ tí gbogbo èrò ń wọ̀! Wọn kò sì tilẹ̀ kọ ẹ̀ṣẹ̀ náà dáadáa, nítorí Ẹ àkọ́kọ́ kò ní àmì ohùn lórí. Bí mo bá tiẹ̀ máa jẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀, ṣé kì í ṣe ẹlẹ́ṣẹ̀ tó mọ̀ ọ́n kọ ló yẹ kí n jẹ́?

Mo kọ̀wé líle sí wọn lójú ẹsẹ̀ (ẹsẹ̀ o, ẹsẹ̀). Wọ́n fèsì pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́ tó tún bí mi nínú sí i. Wọ́n ní ohun tí a fi ránṣẹ́ ni àwọn kọ, àti pé ẹni tó kùn ún lo burọ́ọ̀ṣì tó tín-ín-rín jù lọ, kí àmì kankan má baà sọnù. Àwọn àjèjì tí kò lè kí ènìyàn pé ẹ káàárọ̀ ní èdè wa bọ̀wọ̀ fún àmì tí ọmọ olùkọ́ Yorùbá fi ṣeré! Ìwọ ni. Ìka rẹ ni. O rí i pé Ẹ ní nǹkan lábẹ́, àánú S ṣe ọ́ pé òun nìkan ló wà ní ìhòòhò, o sì bá a bo ìdí.

Wọ́n ní kí n dá férémù padà, àwọn yóò kun òmíràn lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n òmíràn náà kò ní dé àfi lẹ́yìn tí ìsinmi rẹ bá ti parí. Ìyẹn ló fún mi ní ìṣòro. Nítorí o mọ ohun tí a fẹ́ fi ìsinmi náà ṣe.

O rántí ọ̀nà ẹ̀yìn odò, ọ̀nà olókùúta tí mo ń gbé ọ gbà lọ sí ilé ẹ̀kọ́ láàárọ̀, ìwọ lórí irin iwájú kẹ̀kẹ́ mi àtijọ́, tí o máa ń sùn lọ, tí agogo kẹ̀kẹ́ yóò sì tẹ àmì róbótó sí ọ létí. Agbede méjì ọ̀nà ni ilé ẹ̀kọ́ wa wà. Ibẹ̀ ni a ti máa ń sọ̀ kalẹ̀. Lójoojúmọ́ ni o ń na ọwọ́ síwájú, tí o ń bi mí pé, "Bàbá, ọ̀nà yìí ń lọ síbo?" Lójoojúmọ́ ni mo ń dá ọ lóhùn pé, "Wọ kíláàsì ná." Títí di òní, èmi náà kò mọ ibi tó ń lọ. Ìwọ ni o pè mí lọ́dún tó kọjá, tí o ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká gun ọ̀nà yẹn tán kí ó tó pẹ́ jù." Ìdí tí mo fi ń ra férémù nìyẹn lọ́jọ́ orí tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń ra ọ̀pá ìtilẹ̀.

Nítorí náà mo fi orúkọ tó tọ́ sílẹ̀, mo mú ìsinmi rẹ. Èmi, tí n kò fojú fo àmì kan rí nínú ìwé ẹnikẹ́ni, mo gba ẹ̀ṣẹ̀ sílé. Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó ti ń fi bírò pupa ka ẹ̀ṣẹ̀ sí ọmọ ọlọ́mọ lọ́rùn látọdún yìí wá, tirẹ̀ ló dé nínú páálí yìí."

Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ tó wà létí títì, nítorí àwọn òrùka irin kan wà tí a gbọ́dọ̀ tẹ̀ wọ inú férémù, níbi tí pẹ́dàlì ń gbà yí. Ọ̀mọ̀wé Kẹ̀kẹ́ ni èmi àti ìyá rẹ ń pe ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù náà, nítorí kì í sọ pé táyà jò. Yóò ní afẹ́fẹ́ ti kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ó fi ìka lu férémù náà ní kó, kó, bí dókítà tó ń yẹ àyà aláìsàn wò. Ó dijú. Ó ní, "Bàbá, férémù yìí kò ní ìran. Ta ló bí i? Ta ló tọ́ ọ?" Mo ní, "Ọ̀gá, gígùn ni mo fẹ́ gùn ún, n kò fẹ́ fi ọmọ fún un." Ó ní òun kì í fọwọ́ kan ohun tí kò bá ti inú ṣọ́ọ̀bù òun jáde. Bí mo ti ń gbé e lọ, ojú rẹ̀ bọ́ sí orúkọ náà. Ó kà á tán, ó tún un kà, ó ní, "Ó dára bí ẹ ṣe jẹ́wọ́ ní gbangba, sà." Mo gbé e délé. Mo fi bóòtù irin gígùn kan, wáṣà ńlá méjì àti ìbínú tẹ àwọn òrùka náà wọlé fúnra mi. Wọ́n wọlé jẹ́jẹ́. Ẹ̀rù bà wọ́n ni.

Okùn bíréèkì ló kù tó fẹ́ pa mí. Láyé òde òní, okùn tí òróró bíréèkì ń gba inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ hàn síta. Inú férémù ni ó gbọ́dọ̀ máa yọ́ gbà bí olè. Mo tì í wọlé níwájú, kò yọ lẹ́yìn. Mo tì í wọlé lẹ́yìn, ó sùn sáàárín. Mo bú u, mo bú ilé iṣẹ́ tó ṣe é, mo fi ìwọ náà kún un. Ìyá rẹ dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró. Ó so òwú mọ́ abẹ́rẹ́ kan, ó jù ú sínú ihò iwájú, ó mú òòfà tó fi ń ṣa pínnì nílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà á lọ lára férémù láti ìta. Abẹ́rẹ́ ń tẹ̀ lé e nínú, jẹ́jẹ́, títí ó fi yọ lẹ́yìn. Ó so òwú mọ́ okùn, ó fà á, ó parí. Ó ní, "Bàbá ọmọ, bí ẹ bá tún fẹ́ dá ẹ̀wù fún un, ẹ pè mí." Láti ọjọ́ náà, gbogbo oníbàárà tó bá wá wọn aṣọ ni ó ń mú wá wo kẹ̀kẹ́ tí òun tò.

Sípáná kan wà tí mo rà fún iṣẹ́ yìí, tó máa ń dún "kẹ́" nígbà tí bóòtù bá ti le tó. Kábọ́ọ̀nù kò fẹ́ agídí. Ẹni tó bá fún un jù, yóò gbọ́ "pà," férémù sì ti di àkísà. Mo fẹ́ràn sípáná yìí gan-an. Ìbá dára kí Ọlọ́run ti fi ọ̀kan sínú ẹ̀gbọ́n rẹ, kí ó máa dún nígbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ti tó.

Nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ wá lánàá. Ó wọ kóòtù wọ yàrá ẹ̀yìn bí ẹni tó wá ṣí afárá. Ó ní, "Bàbá, lẹ́yìn àgbéyẹ̀wò gbogbo kókó tó wà nílẹ̀..." Mo ní kókó wo? Èmi nìkan ni mo wà nílẹ̀, mo ń so ṣéènì. Ó ní kí n dá férémù padà, kí n gbowó rẹ̀, kí n fi ra àga onítìmùtìmù. Ó ní orúkọ tó wà lára rẹ̀ kò yẹ ìdílé wa. Mo bi í bóyá orúkọ ló ń tì í lójú tàbí bàbá tó wà lórí orúkọ. Ìyẹn ló mú un sọ èyí tí kò fẹ́ sọ. Ó ní, "Ẹ kàn ń yọ ara yín lẹ́nu, sà. Ṣé àbúrò mi kò tíì sọ fún yín ni? Ó ní iṣẹ́ pọ̀, ó ṣeé ṣe kí ìsinmi òun di ọdún tó ń bọ̀."

Sípáná wà lọ́wọ́ mi. Kò dún.

Ọdún tó ń bọ̀! Ká ní mo mọ̀ pé ọdún tó ń bọ̀ ni, ṣé n kò ní dúró gba ẹsẹ̀ tó péye ni? Mo ta orúkọ mi nítorí ìsinmi rẹ, o wá ń fi ìsinmi náà ṣe gáfárà fún ọ̀gá rẹ! Ẹ̀gbọ́n rẹ ni o sì sọ fún, ẹni tí kò gun kẹ̀kẹ́ rí láìsí ẹni tó ń dì í mú lẹ́yìn. Jẹ́ kí n sọ ohun tí n kò sọ lórí fóònù. Dókítà ní orúnkún yìí fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ ju ìrìn lọ, ṣùgbọ́n kò ní fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ náà títí. Òun kò mọ ìgbà tó máa kọ̀. Èmi náà kò mọ̀. N kò sọ ọ́ kí o lè sunkún. Mo sọ ọ́ kí o lè fi í síwájú ọ̀gá rẹ, kí o sì bi í bóyá iṣẹ́ tirẹ̀ náà ní orúnkún.

Láàárọ̀ yìí mo gun kẹ̀kẹ́ náà jáde fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọmọ mi, n kò lè purọ́ nítorí pé mo ń bínú: ó dùn. Ó ń lọ bí ọ̀rọ̀ àṣírí. Orúnkún mi kò wí nǹkan kan. Aládùúgbò wa kan ka ara férémù bí mo ti ń kọjá, ó kígbe pé, "Bàbá, Ọlọ́run yóò dárí jì yín o!" Mo ní àmín. Mo dé oríta tí a ti ń yà sí ọ̀nà ẹ̀yìn odò. Mo fẹsẹ̀ kan tilẹ̀, mo wò ó. Mo yí padà wá sílé.

Bí mo ti délé, mo mú pẹ́ẹ̀nì ọlọ́dà pupa. Mo fa òbírí yí àmì tó wà lábẹ́ S náà ká, mo sì kọ ọ̀rọ̀ tí mo ń kọ sínú ìwé gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: "Ṣe àtúnṣe." Apá kejì férémù ṣófo. Pẹ́ẹ̀nì ọlọ́dà funfun kan wà nínú àpótí irinṣẹ́, n kò tíì ṣí i. Ibẹ̀ ni ìwọ yóò ti kọ ọ́ bó ṣe yẹ, pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ, níwájú mi. O mọ̀ mí: n kì í gba àtúnṣe tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ láti ọ̀nà jíjìn.

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ àlọ rẹ, kí ó sì ṣọ́ àbọ̀ rẹ, pàápàá àbọ̀ rẹ. Kí iṣẹ́ rẹ má ṣe jẹ ọ́ tán kí o tó jẹ èrè rẹ̀. Ibi tí ọ̀nà bá parí sí, kí ó jẹ́ ibi tó dára, kí a sì jọ dé ibẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ tí ó ní ẹsẹ̀ méjì, tí kò sì ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Àfikún: Ìyá rẹ ti ka lẹ́tà yìí. Ó ní mo gbàgbé àmì kan níbì kan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò ní sọ ibẹ̀. Irọ́ ni. Mo ti wá a látòkè délẹ̀, n kò rí i. Bí o bá dé, kí o tó sọ ẹrù rẹ kalẹ̀, wá bá mi wá a.