Wọ́n Ní Apá Tavion Kúrú

Ẹ̀gbọ́n mi Clovis,

Ẹ kú iṣẹ́ ológun ní Jámánì. Mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Ara ìyá wa ti ń yá, orúnkún wọn nìkan ló kù. Lucien ọkọ mi ti padà síbi iṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n, wọn ò mú Tavion ọmọ mi o. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko la fi jókòó ti tẹlifíṣọ̀n, tí àwọn ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré, ń pe orúkọ àwọn tí wọ́n yàn, a ò gbọ́ tiẹ̀. Àwọn tó wá yẹ̀ ẹ́ wò gbà pé àwọn ò rí ẹni tó ń sáré láti ẹ̀gbẹ́ lọ gbé ẹni tó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù ṣánlẹ̀ bíi tiẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n wọn apá rẹ̀, wọ́n ní ó kúrú, pé àwọn géńdé tó ń dínà á máa tì í dànù.

Ó bá àwọn àlejò tó wá bá wa wò ó rẹ́rìn-ín, ó bu ọbẹ̀ gọ́ńbò fún wọn. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo bá a ní yàrá, tó ń fi téépù ìránṣọ mi wọn apá.

"Mọ́mì, ẹ bá mi fà á dáadáa."

Mo fà á. Iye kan náà ni. Ló bá gbórí lé mi láyà, ó bú sẹ́kún.

"Mọ́mì, ẹ má bínú sí mi."

Èmi tí mo bí apá ọ̀hún!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é. Ẹ má dárúkọ bọ́ọ̀lù rárá. Ẹ kàn sọ fún un pé kó jẹun.

Ọlọ́run á dá yín padà fún wa láyọ̀.

Àbúrò yín,
Odile