Iyanrìn Lugbe

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ẹ ti rí ìsinmi níbẹ̀? Èmi ò tíì rí i níhìn-ín o. Inú ń bí mi, ẹ̀yin ni mo sì fẹ́ ro ẹjọ́ náà fún.

Iṣẹ́ bíríkìlà lẹ fi rán mi lọ sílé ìwé títí mo fi di ẹnjiníà. Ọdún méje rèé tí mo ti wà níléeṣẹ́ ìkọ́lé kan níbí l'Ábùjá, mi ò tíì ṣe olórí sáìtì kankan rí. Èmi ni mò ń ya àwòrán, èmi ni mò ń ṣírò irin, ṣùgbọ́n ọkùnrin tí mo kọ́ níṣẹ́ ni wọ́n ń fi ṣe olórí. Bí ìpàdé bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, èmi obìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń pè láti gbàdúrà. Bó bá parí, èmi náà ni màá pín míníráàsì. Àdúrà yẹn ti sú mi, kí Ọlọ́run má bínú.

Lóṣù tó kọjá, mo gbé àwòrán lọ sí Lugbe, níbi tí a ti ń kọ́ ilé ìgbẹ̀bí. Mo rí òkìtì iyanrìn, ọwọ́ mi ò gbọ́. Mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan, mo fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á, bí ẹ ṣe máa ń ṣe kí ẹ tó po kọnkéré. Nígbà tí mo gbọn ọ́n dànù, ọwọ́ mi pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Amọ̀ ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mo sọ fún àwọn ọ̀gá sáìtì náà, wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n lọ wo oúnjẹ àwọn àlejò. Iyanrìn yẹn náà ni wọ́n fi da òpó.

Lọ́sẹ̀ yìí la yẹ kọnkéré náà wò. Kò lágbára rárá. Ẹ rò pé wọ́n bẹ̀ mí? Ìwé méjì ni ọ̀gá mi gbé síwájú mi lánàá. Ọ̀kan sọ mí di olórí sáìtì Lugbe. Èkejì ni kí n fọwọ́ sí pé iyanrìn náà dára, pé òjò ló ba iṣẹ́ jẹ́. Bí n kò bá gba èkejì, n kò ní rí ti àkọ́kọ́ gbà.

Ṣé ẹ rántí ògiri Nyanya, tí ẹ fi ọwọ́ ara yín wó nítorí iyanrìn tí kò dára? Wọ́n lé yín lẹ́nu iṣẹ́, gaàrí la jẹ títí òjò fi dá. Mo bínú sí yín. Mo tilẹ̀ kọ̀ kí ẹ bá mi rìn dé ilé ìwé, nítorí sìmẹ́ńtì tó gbẹ mọ́ yín lẹ́sẹ̀. Ẹ kàn ń tẹ̀ lé mi lókèèrè títí mo fi wọlé. Ẹ foríjì mí, Bàbá mi. Kí ló dé tí mi ò sọ ọ́ kí ẹ tó fi ayé sílẹ̀?

Mo fẹ́ ipò yẹn gan-an ni. Ẹlòmíràn á fọwọ́ sí i, á sì sùn. Èmi ò lè ṣe é, ẹ̀yin lẹ fà á. Àwọn aláboyún ló máa dùbúlẹ̀ lábẹ́ òpó yẹn.

Láàárọ̀ yìí, mo dá ìwé méjèèjì padà fún ọ̀gá mi. Mo kọ ohun tí mo rí sínú ìwé tèmi, mo fọwọ́ sí i, mo fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ni ilé. Bí wọ́n bá lé mi, a jẹ́ pé gaàrí tún dé nìyẹn. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rìn lókèèrè. Ẹ sún mọ́ mi.

Èmi ni,
ọmọ bíríkìlà.