Àgádágodo Orí Afárá

Lẹ́yìn Mọ́ṣáláṣí,
Agbowó, Ìbàdàn.
Ọjọ́rú, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Akóredé ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Ìdùnnú ìyàwó mi. Ṣé ara yín le? Ṣé iṣẹ́ ò pa yín lára jù? Ṣé òtútù ìlú Leeds yẹn ti ń rọlẹ̀? Èmi wà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Orúnkún ọ̀tún ṣì ń dùn mí tí mo bá fẹ́ dìde lórí ẹní ìrun, ṣùgbọ́n mò ń dìde. Mo ti kí ọ tán bó ṣe yẹ kí ìyá kí ọmọ. Ìbínú ló kù.

Mi ò pè ọ́ lórí fóònù, mo mọ̀ọ́mọ̀ má pè ọ́ ni. Tí mo bá pè, tí mo bá ti gbóhùn sókè díẹ̀, wàá ní nẹ́tíwọ̀kì ò dáa. Mi ò sì fi ohùn ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù, nítorí mo ti gbọ́ pé ńṣe lo máa ń jẹ́ kí ohùn mi sáré bíi ti ológbò tí wọ́n tẹ̀ nírù, kó lè tètè tán. Lẹ́tà ò lè sáré. Ìwé kẹta ni mo kà dé ní Ìgbòho, kò sì sẹ́ni tó bá mi kọ èyí. Tí o bá rí ibi tí mo ti ṣì í kọ, kà á sókè, wàá gbọ́ ohun tí mò ń sọ.

Má rò pé torí pé ẹ lọ ṣe fàájì ni mo ṣe ń bínú. Nígbà tí o sọ fún mi pé ìwọ àti ìyàwó rẹ fẹ́ lọ lo ọjọ́ mẹ́ta ní ìlú kan ní Jámánì, ta ló ṣàdúà fún yín? Èmi ni. Bàdírátù àbúrò bàbá rẹ, tó ń ta léèsì ní Dùgbẹ̀, ní kí lẹ tún ń wá lọ sí ìlú mìíràn, ṣebí òkè òkun náà ni Leeds. Mo sọ fún un pé ẹni tó ń gbé àwọn arúgbó tó wúwo jù ú lọ sókè sódò lọ́sìbítù látàárọ̀ dalẹ́, bí Ìdùnnú ṣe ń ṣe, ó yẹ kó lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní pè é. Nígbà tí fọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, gbogbo ẹni tó wá ra búrẹ́dì lọ́wọ́ mi ni mo fi hàn. Ẹ dúró níwájú ilé ìjọsìn ńlá kan tó ní ṣóńṣó méjì, tó dúdú bíi pé inú èéfín ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ẹ ń jẹ sọ́sééjì tó gùn ju búrẹ́dì tí wọ́n fi dì í lọ. Ìdùnnú dé fìlà pupa nínú ọkọ̀ ojú omi, ó ń rẹ́rìn-ín, mo rí eyín ẹ̀ dé ẹ̀yìn. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí eyín yẹn gbẹ̀yìn. Inú mi dùn.

Ọjọ́ kejì ni fídíò wọlé. Ẹ wà lórí afárá tí rélùwéè ń gbà kọjá lórí odò. Àgádágodo ló kún ara irin afárá náà, ọ̀kan lórí ọ̀kan, títí ojú ò fi rí irin mọ́. Èyí tó wà lọ́wọ́ Ìdùnnú pọ́n, orúkọ yín méjèèjì sì wà lára ẹ̀ gàdàgbà. Ó fi í kọ́ ara irin, ó tẹ̀ ẹ́, mo gbọ́ bó ṣe dún. Ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó jù ú sódò. Ó wá kọjú sí ọ, ó ní, “Ó ti pa. Kò ní ṣí mọ́ láéláé.” Ìwọ tí o mú fóònù dání, mi ò rí ojú rẹ, ohùn rẹ ni mo gbọ́. O ní, “Àmín, àṣẹ.”

Akóredé, àmín kí ni? Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń sọ fún Ọlọ́run lórí ẹní ìrun pé kó ṣí inú ìyàwó mi. Ṣí. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni mò ń lò. Ìyàwó mi wá dúró lórí odò ìlú onílùú, ó so orúkọ ara ẹ̀ mọ́ tìẹ, ó ní kò ní ṣí, ọmọ tí mo bí sì ṣe àmín sí i. Àdúà ta ni kí Ọlọ́run wá gbà báyìí? Tèmi tó wà lórí ẹní ni, àbí tiyín tó wà lórí afárá?

Wàá ní àwọn òyìnbó náà ń ṣe é, pé eré ìfẹ́ ni. Kí òyìnbó máa ṣe é. Òyìnbó ò mọ Zùwáírátù. Ìwọ mọ̀ ọ́n. Òun ni ìyá tó máa ń bu kúlíkúlí sí ọ lọ́wọ́ ní Ìgbòho nígbà tí o kéré, tó ń pe gbogbo ọmọ àdúgbò ní ọmọ òun, tí kò sì bí ẹyọ kan. Orogún ẹ̀ ló pe orúkọ ẹ̀ sí àgádágodo, tó tì í pa, tó ju kọ́kọ́rọ́ sódò. Ìgbà tí orogún náà ń kú lọ ló tó jẹ́wọ́. Wọ́n wá inú odò náà títí, wọn ò rí nǹkan kan. Ohun tí ọ̀tá sápamọ́ ṣe sí Zùwáírátù, ẹ̀yin fọwọ́ ara yín ṣe é lọ́sàn-án gangan, ẹ tún ya fídíò ẹ̀.

Èmi nìkan kọ́ ló sì rí i. Bàdírátù rí i lórí Wọ́sáàpù ẹbí ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Kò dúró ta ọjà tó wà nílẹ̀ tán tó fi wọ Máíkírà wá sí Agbowó, ó kó àwọn àgbà ilé wa méjì tó ń gbé ní Baṣọ̀run dání. O mọ̀ pé mo ju Bàdírátù lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ó ti wà nílé kí n tó wọlé bàbá rẹ, ọkọ mi ni, “ẹ” ni mo sì fi ń bá a sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà. Nínú lẹ́tà yìí mo ti yọ “ẹ” kúrò lórí ẹ̀. Kò sí níbí, kò lè gbọ́.

Kò tíì jókòó tó fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní, “Ìyá Akóredé, ẹ kú oríire o. Ìyàwó tí ẹ̀ ń gbè lẹ́yìn ti fọwọ́ ara ẹ̀ ti ilé yín pa, ó ti ju kọ́kọ́rọ́ sómi. Ṣé ẹ máa wẹ̀ lọ mú un ni?”

Àwọn àgbà yẹn rẹ́rìn-ín. Nínú yàrá mi, lórí àga mi, wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún wọn pé kọ́kọ́rọ́ méjì ni wọ́n ń tà mọ́ àgádágodo, pé ọ̀kan ló bómi lọ, ìkejì wà lọ́wọ́ ìyàwó mi. Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Mo sọ ọ́ bíi pé èmi ni mo bá a rà á. Ẹ̀rín wọn dá.

Ìgbà náà ni Bàdírátù gbé ohun tó bá wá gan-an sílẹ̀. Ó ní ọmọbìnrin kan wà, Shukurat, ará Ìgbòho bíi tiwa, tó ń ránṣọ ní Challenge. Ó ní àwọn ti bá àwọn òbí ẹ̀ sọ̀rọ̀, pé lẹ́yìn Iléyá àwọn máa so yìgì ìwọ àti ọmọ náà, o lè wà ní Leeds kí wọ́n so ó, lẹ́yìn náà kí o wá mú un lọ. Mo ní kó má dá ara ẹ̀ láàmú, pé ọmọ mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Bàdírátù wò mí, àánú mi tiẹ̀ fẹ́ ṣe é. Ó ní, “Akóredé mọ̀ o. Èmi fúnra mi ni mo pè é. Ó ní, ‘Mo ti gbọ́, Ànńtí.’”

Àwọn àgbà mi orí. Kí ni wọ́n tún fẹ́ béèrè? Ìwọ náà mọ ilé wa. Tí wọ́n bá fi ìyàwó lọ ọkùnrin tí kò bá fẹ́, ó máa ní òun ò fẹ́, wọ́n á bínú, ó tán. Tó bá ní òun ti gbọ́, wọ́n á lọ máa wo iṣu ìdána lọ́jà. Mo jókòó síbẹ̀ bí òmùgọ̀. Mò ń bá odidi ẹbí jà nítorí ìyàwó ẹni tó ti gbà fún wọn láti ẹ̀yìn mi. Wọ́n dìde, mo sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, mo ní kí wọ́n kí ilé.

Mo ti kọ dé ibí yìí lánàá nígbà tí Ìdùnnú pè mí. Mo gbé bírò sílẹ̀, mo múra láti bú u. Mo bi í pé kí ló gbé e dé ibi tó ti fẹnu ara ẹ̀ sọ pé kò ní ṣí mọ́.

Ó wá ní, “Màámi, kì í ṣe inú mi ni mo tì. Ilé mi ni mo tì. Mo gbọ́ nígbà tí Ànńtí Dùgbẹ̀ ń bá ọmọ yín sọ̀rọ̀. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mò ń retí kó sọ pé òun ò fẹ́. Kò sọ ọ́.”

Ó ní o ò dárúkọ Shukurat sí òun rí. Ńṣe lo kàn dédé ní kẹ́ ẹ lọ sí Jámánì. Ó rò pé ibẹ̀ lo fẹ́ ti sọ ọ́. Nínú bàálù, o ò sọ ọ́. Nínú ọkọ̀ ojú omi, o ò sọ ọ́. Nígbà tó rí àwọn tó ń ta àgádágodo lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá, ó rà á, ó ní tí o bá rí i tí òun ń tì í, ọ̀rọ̀ náà máa jáde lẹ́nu rẹ. O ṣe àmín. Ó ní kọ́kọ́rọ́ kejì wà nínú báàgì òun lóòótọ́, ó fẹ́ ju méjèèjì, ọwọ́ ẹ̀ kọ̀. Ọmọ náà sunkún, ó sunkún. Èmi tí mo fẹ́ bú u, èmi ni mo tún ń bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ bọ́jú, torí ó ń lọ síbi iṣẹ́.

Nítorí náà, ìbínú tí mò ń bá ìyàwó mi bí ti kúrò nílẹ̀. Tìẹ ló kù, mo sì ti kó tìyàwó mi kún un. O gbé obìnrin wọ bàálù, o ra sọ́sééjì fún un, o gbé e gun ọkọ̀ ojú omi, nítorí kí o má bàa sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún àbúrò bàbá rẹ. Ṣé ìsinmi lo pe ìyẹn? Ìwọ lo sinmi. Ìyàwó rẹ gbé ẹrù lọ, ó sì tún gbé e bọ̀. Àmín ò wọ́n lẹ́nu rẹ, rárá ló wọ́n. Bàbá rẹ ní wàhálà tiẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò bá fẹ́ nǹkan, gbogbo Ìgbòho ló máa ń gbọ́.

Ẹ padà lọ ṣí àgádágodo yẹn. Mi ò yí ìyẹn padà, ẹ má bá mi sọ ọ̀rọ̀ òyìnbó kankan lórí ẹ̀. Ìdùnnú bi mí pé, tí òun bá ṣí i, kí ló máa wá ti Shukurat síta? Ẹnu rẹ ni èsì yẹn wà. Pe Bàdírátù. Má kọ ọ́ ránṣẹ́, pè é, kí ìyàwó rẹ jókòó tì ọ́. Má ní o ti gbọ́. Má ní wàá rò ó wò. Má ní kó máa fi yín sínú àdúà. Sọ pé, “Ànńtí, mi ò fẹ́.” Ó máa pariwo. Ó máa ní ìyá rẹ ló kọ́ ọ ní ohun tí wàá sọ. Gbà fún un pé èmi ni.

Tí o ò bá sì sọ ọ́, ọjọ́ tí wọ́n bá so yìgì yẹn, kí wọ́n wá ẹlòmíràn tó máa jókòó sí àyè ìyá ọkọ. Ìyàwó kan ni mo mọ̀. Mò ń tọrọ ọmọ fún un, mi ò ní ṣíwọ́. Tí ọmọ bá dé, ẹ ó gbọ́ ariwo mi láti Agbowó. Tí kò bá dé, Ìdùnnú fúnra ẹ̀, ọmọ ni mo kà á sí.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ yín níbi iṣẹ́ àti lójú ọ̀nà. Kí ó fún Ìdùnnú ní ìfọ̀kànbalẹ̀ nínú ilé ara ẹ̀. Kí ó jẹ́ kí n fojú kàn yín láìpẹ́. Kí ó la ẹnu rẹ, Akóredé, kó tó la ohunkóhun mìíràn. Ìyẹn ni kí o ṣe àmín sí.

Èmi ni ìyá rẹ tí kò tíì dákẹ́,
Sìkírátù, Ìyá Akóredé.

Mo gbàgbé èyí: Ìyá Bándélé aládùúgbò mi ló bá mi mú lẹ́tà yìí wá. Ó wá wẹ ọmọ tí ìyàwó Bándélé bí síbẹ̀ ní Leeds. Ẹ lọ kí i, ẹ̀yin méjèèjì. Wọ́n máa gbé ọmọ náà fún Ìdùnnú. Nígbà tí ẹ wálé, mo rí i pé o máa ń sáré gba ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́ ẹ̀ bíi pé iná ló gbé. Má gbà á. Jẹ́ kó gbé e títí ọwọ́ á fi ro ó.