Ìwé Tó Ní Kí A Má Kọ Orúkọ

Dùnníolúwa ọmọ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Ìbàdàn níbẹ̀? Ara mi le, orúnkún nìkan ni kò gbọ́ràn. Olúwa tó fi omi yí wa ká tí kò jẹ́ kí a rì kò ní jẹ́ kí ìwọ náà rì sínú ìwé. Baba rẹ wà lójú òkun láti àárọ̀, ìyá rẹ ń yan ẹja. Princess tó ń dirun létí afárá ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má bá mi tún un ṣe. Kò sí àkókò. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù.

Òkun ti dé ẹ̀yìn ilé mi báyìí. Òpó méjì lápá ọ̀tún ti ń mì, n kì í lè jókòó pẹ́ kí n má dìde lọ wò wọ́n. Ìlú ti fẹnu kò pé a ó ṣí lọ sí ilẹ̀ gbígbẹ tó wà lẹ́yìn odò, ìgbìmọ̀ sì ti kọ orúkọ àwọn tí wọ́n máa pín in fún, ọkùnrin nìkan. Wọ́n kọ baba rẹ. Èmi tí mo ń dá ilé tèmi gbé láti ìgbà tí bàbá àgbà rẹ ti kú, wọn ò kọ mí. Gbọ́láhàn akọ̀wé wọn ní kí n lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ mi. Ó mọ̀ dáadáa pé èmi àti ìyá rẹ kò lè lo ìdáná kan fún ọjọ́ méjì.

Ibi tí ọ̀ràn dé nìyẹn tí ìwé ìbéèrè rẹ fi dé, mẹ́tàdínlógún nínú ọ̀rá, tí o ní kí àwọn obìnrin dáhùn nítorí ẹ̀kọ́ tí ò ń kọ́ nípa akọ àti abo, àwọ̀ ara, ẹni tí èèyàn ń fẹ́, àti ẹ̀tọ́ àwọn tí wọ́n ń rẹ́ jẹ. Mo sọ fún àwọn ẹgbẹ́ mi pé Ọlọ́run ti dá wa lóhùn, ọmọ mi ti bá ìjọba sọ ọ́. Princess ní yunifásítì kì í ṣe ìjọba. Mo bi í pé ta ló kọ́ yunifásítì náà.

Lókè ìwé náà, ó ní kí a má kọ orúkọ wa. Inú bí mi sí ọ gidi. Ìwọ náà? Orúkọ tí wọn ò kọ ló kó wa sí wàhálà yìí. Princess ní kí àṣírí wa má baà tú ni. Mo ní àṣírí wo ló kù lára ẹni tí kò ní ibi tí yóò sùn. A kọ orúkọ wa gàdàgbà, a kọ ti bàbá wa mọ́ ọn, a tẹ̀ka.

Ibi tó ti bèèrè bóyá akọ ni mí, abo, tàbí òmíràn, òmíràn ni mo mú. Èmi ni mò ń wa ọkọ̀, èmi ni mò ń se ọbẹ̀, abo nìkan kò gbà mí. Ní ti àwọ̀, mo ní dúdú, ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó tó ń bá ọkọ̀ epo kọjá lọ sí Awoye, pupa ni wọ́n, n ò mọ ìdí tí ẹ fi ń pè wọ́n ní funfun. Ibi tó ti bèèrè ẹni tí ọkàn mi fà sí, àfojúdi ni, ṣùgbọ́n ìjọba ló bèèrè, mo ní Fágbèmí tó ń gbẹ́ ọkọ̀ ni, kí wọ́n tó fi mí fún bàbá àgbà rẹ. Má sọ fún baba rẹ.

Ó wá kan Moríkẹ́ àti Jọọlá. O mọ̀ wọ́n, wọ́n ti jọ ń gbé láti ìgbà tí baba rẹ ti wà lọ́mọdé, àwọ̀n kan, ẹní kan, kò sẹ́ni tó bi wọ́n rí. Jọọlá wo Moríkẹ́, ó ní kí Princess kọ pé ẹni tó ń bá òun gbé ni. Princess kọ ọ́, a bọ́ sí ìbéèrè tó kàn. Kò sí ọkùnrin nílé wọn, nítorí náà ìgbìmọ̀ kò kọ ilé náà rárá, bí ẹni pé ẹja ló ń gbébẹ̀.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta a kó ìwé lọ síwájú ìgbìmọ̀. Gbọ́láhàn wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní iṣẹ́ ilé-ìwé ni, kò sí ilẹ̀ nínú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kà á sókè kí àwọn ọkùnrin lè bá a rẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí òmíràn mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí Fágbèmí, Fágbèmí fúnra rẹ̀ sì jókòó síbẹ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àṣírí yẹn ti yé mi. Mo na ọwọ́, mo fa ìwé Moríkẹ́ àti ti Jọọlá yọ kó tó kàn wọ́n, mo jókòó lé wọn.

Ó wá dé ibi tí o ti bèèrè ẹni tó kọ́ ilé tí a ń gbé. Èmi. Ó ṣí ìwé kejì. Èmi. Ó ṣí ìkẹta. Èmi. Ẹ̀rín ti ń tán. Ìkẹrin jẹ́ ti ìyá tó bí i. O bèèrè pé bí omi bá gbé ilé náà, ibo ló máa sùn, ìyá rẹ̀ sì ní kí wọ́n kọ ọ́ pé, "N ò mọ̀, wọn ò tíì sọ fún mi." Gbọ́láhàn ká ìwé náà, ó fi sápò. Ó ní kò sí ohun tí òun lè ṣe mọ́, ọjọ́bọ̀ ni awọnlẹ̀ ń bọ̀, ẹni tí ó bá bá orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìgbìmọ̀ ni yóò wọn ilẹ̀ fún.

A gbọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa níbí, ẹni tó bá ri òpó ilé mọ́lẹ̀ ló ni ibẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í fa òpó ẹlòmíràn tu. Ọkùnrin ló máa ń rì í. N ò gbọ́ pé obìnrin kò gbọdọ̀ rì í. Lánàá, lẹ́yìn ìsìn, a wa ọkọ̀ lọ sí ilẹ̀ náà. Ìyá Gbọ́láhàn ló kọ́kọ́ lu tirẹ̀ wọlẹ̀. Obìnrin mẹ́tàdínlógún, òpó mẹ́rìndínlógún, nítorí Moríkẹ́ àti Jọọlá ní ẹyọ kan tó àwọn.

Fi owó pákó ránṣẹ́ sí mi. Gba orí fóònù Princess, má fi sí báǹkì, báǹkì kò ní ọkọ̀, n ò mọ bí yóò ṣe rékọjá omi dé ọ̀dọ̀ mi. Bí olùkọ́ rẹ bá yọ̀ǹda rẹ, wá lọ́jọ́rú, kí o lè ka ìwé rẹ sí awọnlẹ̀ létí. Wọ bàtà tó lè wọ ẹrẹ̀.

Olúwa yóò fún ọ ní ojú tí wàá fi ríran àti ẹnu tí wàá fi sọ ọ́. Wàá ṣe oríire, ojú kò ní tì ọ́ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ. Bí o bá dé tí o kò bá mi nílé, má wá mi kiri. Mo ti gbé àpótí mi lọ sí ìdí òpó. Bí awọnlẹ̀ bá fẹ́ wọn ilẹ̀ náà fún ẹlòmíràn, kó wọn èmi náà mọ́ ọn.

Èmi ìyá àgbà rẹ. Ìka mi nìyí.