Jímọ̀ Mẹ́ta Tí Mo Fi Jẹ́ Shadi

Ajé, 21 Oṣù Keje
Ọ̀la ni èsì ìdánwò ńlá tí wọ́n fi ń wọ ilé-ẹ̀kọ́ dókítà máa jáde. Dókítà ò jẹun. (Shadi ni, ẹ̀gbọ́n mi. Àtìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo jáwọ́ nínú ìwé, wọ́n kàn ń pè mí ní Galal.) Mo yá fóònù ọ̀gá mi níbi tí a ti ń tún kẹ̀kẹ́ márúwá ṣe, mo bọ́ sẹ́yìn ilé, mo pe Shadi. Ohùn ọ̀gá ilé-ìwé wọn ni mo lò, pẹ̀lú bó ṣe ń fa imú. "Shadi, ọmọ mi, mo ti yọjú wò ó. 97 nínú ọgọ́rùn-ún." Kó lè rẹ́rìn-ín ni. Kí n tó wọlé, Màmá ti ń figbe ayọ̀ ta. Ó ti po omi dídùn pupa tí a fi ń ṣàjọyọ̀, ó ń gbé e kiri àdúgbò. Ó ti pe Bàbá ní Kùwéètì.

Mo fẹ́ sọ ọ́. Mi ò sọ ọ́.

Ìṣẹ́gun, 22
71.

Ọjọ́rú, 23
Mi ò ní kọ ohun tí Shadi ṣe nínú ilé ẹyẹlé lórí òrùlé. Ó fẹ́ kú. Kò kú. Màmá ló bá a. Dókítà gidi ní ó máa yè.

Ọjọ́bọ̀, 24
Ohun tí a ó máa sọ: ẹja oníyọ̀ tó ti bàjẹ́ ló jẹ. Màmá ní tí wọ́n bá gbọ́ òótọ́, wọn ò ní kírun sí i lára lọ́jọ́ tó bá kú. Ìyá Wagih, aládùúgbò wa: "Ẹja oníyọ̀ nínú ooru yìí? Ṣé ẹ̀yin ò ní imú ni?" Ife tó fi mu omi dídùn wa ló wá dá padà.

Jímọ̀, 25
Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni Bàbá máa ń pè. Shadi ti dé ilé. Ó kọjú sí ògiri, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Màmá ti fóònù sí mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ṣe é."
Mo ní kí ni.
"Má sọ mí di wèrè, Galal. Ohùn ẹ̀gbọ́n ẹ. Orí ilé gogoro ni bàbá ẹ ti ń to bíríkì. Tó bá gbọ́ èyí, ó máa já bọ́. Ọjọ́ wo lo ti ń fi ohùn àwọn èèyàn dá wa lágara, jẹ́ kó wúlò lẹ́ẹ̀kan."
Mo ṣe é. Ohùn pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí bàtà ń há lẹ́sẹ̀. 97 yẹn, àṣìṣe ni, Bàbá. Màá tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Ara mi le.
Bàbá ní, "Kò burú, Dókítà."

Jímọ̀, 1 Oṣù Kẹjọ
Mo tún ṣe é. Mo fi àwàdà kún un. Bàbá rẹ́rìn-ín. Shadi wà nínú yàrá.

Àbámẹ́ta, 2
Shadi sọ̀rọ̀. "O mọ̀ mí ṣe jù mí lọ." Mo bẹ̀ ẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ 97. Ó ní, "Kì í ṣe ìwọ. Àtìgbà òtútù ni èrò yẹn ti wà lọ́kàn mi." Ó padà sí ògiri ẹ̀. Ì bá sàn kó jẹ́ èmi ni. Màá mọ ohun tí màá tún ṣe.

Jímọ̀, 8
Wáàsí lónìí: àwọn tó gba ẹ̀mí ara wọn. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí kọjú sí fèrèsé wa gan-an. Màmá ti fèrèsé. Ooru. Bàbá pè, mo jẹ́ Shadi fún ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Kí lo jẹ? Ẹyẹlé tí Màmá fi ìrẹsì kún nínú. Irọ́ — a ti ta gbogbo ẹyẹlé. Mo gbé fóònù sílẹ̀. Shadi bá ògiri sọ̀rọ̀: "Ṣé o rí i. Ohùn mi ti tó wọn."

Àìkú, 10
Mi ò lọ síbi iṣẹ́. Ẹnu ọ̀nà yàrá Shadi ni mò ń sùn. Mo ti ilẹ̀kùn òrùlé pa. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú bàtà mi.

Jímọ̀, 15
Màmá na fóònù sí mi. Mo ní mi ò ṣe mọ́. Ó ní kí n má dójú ti òun. Mo gbà á, mo fi ohùn ara mi sọ̀rọ̀. Ó ṣàjèjì létí èmi gan-an. "Bàbá, Galal ni. Èmi náà ni látọjọ́ yìí."
Mo ń retí èébú.
Bàbá ní, "Mo mọ̀. Shadi ò pa mí lẹ́rìn-ín rí." Ó mí kanlẹ̀. "Ọjọ́ wo lẹ sin ín?"
Màmá gbọ́. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bàbá gbà pé ọmọ òun ti kú, ó ń to bíríkì, ó sì ń bi mí ohun tí mo jẹ. Mo ní kí ló dé tí ẹ ò bèèrè. Ó ní, "Ohùn yẹn ló kù fún mi. Tí mo bá bèèrè, wàá dákẹ́."
Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Ó ní irọ́ ni. Mo gbé fóònù sétí Shadi.
Bàbá ń pè é: Shadi, Shadi. Kò pè é ní Dókítà. Shadi húkọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ikọ́ kan báyìí tó gbẹ. Mo ti gbìyànjú ẹ̀ lẹ́yìn ilé. Mi ò rí i ṣe.
Bàbá ń sunkún títí owó ìpè fi tán. Shadi ò yíjú kúrò lára ògiri. Kò gbé fóònù kúrò létí náà.
Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà nínú bàtà mi.